Ìlà Tí Kò Jó

Akọ́ṣẹ́ rédíò ń nu eruku inú ẹ̀rọ àlòkù tó ń fi ìrìn iná hàn bí ìlà lójú gíláàsì. Kò pa iná rẹ̀ kó tó tú ẹ̀yìn rẹ̀. Ni iná bá gbé e ṣánlẹ̀, gbì!

Ó dìde. "Orí mi ló kó mi yọ."

Ó rántí ohun tí ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún un sọ: "Fi ìka kan ẹnu wáyà yìí. Ara èèyàn á mú ìlà náà jó."

Ó fi ìka kàn án. Ìlà tẹ́ bí ẹní.

"Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì!"

Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé. "Bàbá Ìbejì, ẹ dá mi lóhùn!" Bó ṣe kúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan ẹnu wáyà. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

"Áà, ó mà ń ṣiṣẹ́!" ni akọ́ṣẹ́ kígbe.

Ìyàwó kò gbójú sókè. Ó ti gbé orí ẹnì kan lé itan nílẹ̀, bàtà akọ́ṣẹ́ sì wà lẹ́sẹ̀ onítọ̀hún.