Ibi tí Tínà Ń Gbà Lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn.

1. Kápẹ́ńtà kan wà tí wọ́n ń pè ní Dígí, torí pé tó bá kun àga, ẹ lè fi wo ojú yín. Ilé tó ń gbé ló ti ń ṣiṣẹ́: yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ilé ìdáná.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà nílé ìwé girama ka ọ̀rọ̀ ara agolo tínà, omi tí bàbá rẹ̀ fi ń po ọ̀dà.

"Bàbá, ẹ mọ ìtumọ̀ 'fọ́látáìlì' tí wọ́n kọ síbí?"

"Ó túmọ̀ sí pé ó máa ń tètè gbẹ."

"Kì í ṣe gbígbẹ nìkan, Bàbá. Ó ń di afẹ́fẹ́ ni, iná sì máa ń tètè ran afẹ́fẹ́ yẹn. Olùkọ́ wa ní..."

Dígí bú sẹ́rìn-ín. "Olùkọ́ yín ti kun àga rí? Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí n tó bí ẹ!"

Ọmọ náà gbé agolo náà padà síbi tó wà.

2. Lọ́sẹ̀ kejì, Dígí ń kun kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan. Eruku ń fẹ́ níta. Kó má bàa lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù, ó ti fèrèsé pa, ó ti ilẹ̀kùn ìta, ó fi àkísà dí abẹ́ rẹ̀. Ti ilé ìdáná nìkan ló ṣí sílẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ké látibẹ̀: "Baálé mi, òórùn yìí mà pọ̀ o. Ṣé mo lè dáná báyìí?"

"Dáná jàre! Ọ̀dọ̀ mi ni tínà wà, ọ̀hún nìwọ wà. Àbí iná lẹ́sẹ̀ ni?"

Ìyàwó rẹ̀ ṣá ìṣáná.

3. Iná ò rìn. Ó fò ni. Afẹ́fẹ́ yàrá méjèèjì gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Dígí na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì jóná, kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí àwọn aládùúgbò tó já ilẹ̀kùn, ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún ìyàwó rẹ̀.

Ní ọsibítù, ọmọ rẹ̀ dúró ti bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Bàbá, mo sọ fún yín." Ó bú sẹ́kún. "Ó yẹ kí n pariwo ni. Ó yẹ kí n da agolo yẹn nù!"

Dígí fẹ́ sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ògiri ló kọjú sí.

4. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Ọwọ́ Dígí ò lè di búrọ́ọ̀ṣì mú mọ́, kò lè di ṣíbí mú. Ọmọ rẹ̀ ló ń bọ́ ọ láràárọ̀, kì í wo ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, dárí jì mí."

Ọmọ náà nu ẹnu rẹ̀, ó gbé àwo, ó jáde.

Ẹ̀yin tó ń lo tínà, gọ́ọ̀mù tàbí pẹtiróòlù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ pa gbogbo iná. Ohun tó gbẹ lójú yín, inú afẹ́fẹ́ ló ṣì wà. Ọmọ yín ìbáà sì kéré, tó bá mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ jù yín lọ, ẹ gbọ́ tirẹ̀ tán. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè.