Ẹni Tó Ń Tọ́jú Lágúnjú

Ọjọ́ Àìkú ni Mùnírátù dé láti Ìpetumodù. Kò tíì jókòó tó fi sọ pé òun wá yọ ẹ̀gbọ́n òun kúrò nínú ìyà.

Ẹ̀gbọ́n náà, Lágúnjú, wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá iwájú ilé rẹ̀ ní Ilare, ní Ifẹ̀. Oṣù méje ti kọjá tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn rẹ̀ àti apá rẹ̀ méjèèjì. Rọ́bà tí wọ́n tì bọ imú rẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà wọlé. Egbò ẹ̀yìn rẹ̀ ti jin dé egungun. Dókítà ti sọ fún wọn pé kò sí àtúnṣe mọ́. Bí ẹbí bá gbà, àwọn yóò yọ rọ́bà náà, àwọn yóò sì máa fún un ní abẹ́rẹ́ apàrora títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé.

Sùmáyà, ìyàwó rẹ̀, kò gbà.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Àjàgbé, àgbà ẹbí, pé kó wá dá sí i. Wọ́n gbé àga fún un sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mùnírátù kò dúró kí ẹnikẹ́ni bi òun. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá ti wọlé ni Lágúnjú máa ń tẹjú mọ́ òun bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí ló tún kù tí wọ́n ń wá lára ẹni tí kò lè lé eṣinṣin.

"Ìyàwó, ojú ayé lò ń ṣe," ó wí. "O fẹ́ kí gbogbo Ifẹ̀ máa kí ọ kú ìtọ́jú."

Sùmáyà fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọkọ ló ń pè é, torí náà lórí ìkúnlẹ̀ ló ti dá a lóhùn.

"Adúmáadán, mo fẹ́ kí wọ́n wà láàyè ni."

"Irú ìyè wo nìyẹn?"

"Èyí tí Ọlọ́hun fún wọn."

Mùnírátù kọjú sí Fisáyọ̀mi, nọ́ọ̀sì tó ń wá fọ egbò náà, ó bi í bóyá ara ń ro ẹ̀gbọ́n òun. Nọ́ọ̀sì ní ó ń ro wọ́n gan-an. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ti gbé abẹ́rẹ́ wá, tí màmá ní kí òun gbé e padà.

"Oorun ló máa ń kùn wọ́n tó bá ti wọra," Sùmáyà wí. "Mo fẹ́ kí wọ́n máa mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn."

Bàbá Àjàgbé mirí, ó ní ìfẹ́ nìyẹn. Ó bèèrè ẹni tó ń wẹ̀ Lágúnjú, ẹni tó ń yí i padà, ẹni tó ń kó ìgbẹ́ rẹ̀. Sùmáyà ni. Ó wá bi Mùnírátù ìgbà tó fọwọ́ kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kẹ́yìn.

"Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tójú obìnrin yìí rí nílé yìí," àgbà náà wí. "Ẹlòmíì ì bá ti kó ẹrù rẹ̀ lọ láti ìgbà tí Hakeem ọmọ rẹ̀ ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò lọ. Ẹni tó dúró ló ni í."

Ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rọ́bà mọ́ láéláé.

Ohùn kan jáde ní ọ̀fun Lágúnjú. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀ méjèèjì, ó ń dà sétí.

"Ẹ wò ó," Bàbá Àjàgbé wí. "Ó ń dúpẹ́."

Mùnírátù pòṣé, ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde láìkí ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí àgbà náà lọ tán, Sùmáyà ti ilẹ̀kùn. Ó rọ ògì sínú rọ́bà díẹ̀díẹ̀, ó rọra nu ẹnu ọkọ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ba sétí rẹ̀.

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ fi lù mí," ó wí jẹ́jẹ́, "sùúrù ni gbogbo ẹbí yín sì ní kí n máa ní, tiyín kò tíì ju oṣù méje lọ."