Orin Ìdúpẹ́ Tó Ti Kútọnu Wá

Akọrin obìnrin kan tó ti Kútọnu wá kò tíì jókòó dáadáa ní ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá kan ní Atlanta tí kúáyà fi bú sórin Faransé. Ẹnu yà á. Òun ló kọ orin yẹn! Ó fi bú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó jí gìtá rẹ̀ gbé sá wá sí Amẹ́ríkà. Ìjọ sì ń jó, wọ́n ń fì ìnujú funfun sókè.

“Aunty Hephzibah,” ó bi obìnrin tó pè é wá sí ṣọ́ọ̀ṣì náà, “ta ló sọ pé orin ìdúpẹ́ nìyí?”

“Bùrọ̀dá tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ni. Òun nìkan ló gbọ́ Faransé nínú wa.”

Ó wo ọ̀kánkán. Àfẹ́sọ́nà ọjọ́sí rèé! Ojú wọn ṣe mẹ́rin, kíbọ́ọ̀dù dákẹ́.

Pásítọ̀ gbé maikirofóònù dé. “Sista, wọ́n ní ẹ gbọ́ Faransé. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún wa.”

Akọrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará. Ó gùn díẹ̀.”