Díìsì Ọgọ́ta àti Ọjọ́ Ọjà Ojokú

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìlà méjì péré kí ẹ tó fi nǹkan ránṣẹ́ sí gbogbo gúrúùpù mọ̀lẹ́bí, ẹ fara balẹ̀ lónìí. Ẹ ka ìtàn yìí kanlẹ̀. Bí ẹ bá dúró lágbedeméjì, ẹ ó kàn gbé ẹ̀bi fún aláre ni.

1.
Ẹ̀ńjìníà Adétóyè ń gbé ní Ọ̀fà, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ rélùwéè. Ilé oníyàrá mẹ́fà, òun nìkan. Roseline ìyàwó rẹ̀ lọ tọ́jú ọmọ ọmọ wọn ní Àkúrẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta ọ̀hún ti di ọdún méjì. Ta ni yóò dá obìnrin náà lẹ́bi? Ọkọ tó jẹ́ pé bí o bá ní "ẹ káàárọ̀," yóò ní kí o mú ẹ̀rí wá pé àárọ̀ ni!

Àjọ kan lókè òkun gbé iṣẹ́ fún un: kó ya àwòrán ẹ̀rọ ńlá kan, kó sì ṣírò iye tí yóò náni. Díìsì ọgọ́ta ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ju ilé alájà méjì lọ, tí gbogbo wọn yóò jọ máa tẹ́tí sí ohùn rédíò tó ń ti ara ìràwọ̀ wá. Àwọn ará àdúgbò gbọ́, wọ́n ní, "Ẹ̀ńjìníà, ṣé yóò mú bọ́ọ̀lù?" Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ì bá béèrè.

Adétóyè pe Roseline lórí fóònù.

"Mama Fẹ́rànmí, ọjọ́ tí wọ́n bá buwọ́ lùwé yìí, kí o máa bọ̀ nílé. Iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá ni. Ilé yóò kún."

"Ta ló ń bá yín ṣe é?"

"Ta ni mo nílò?"

Roseline mí kanlẹ̀. "Ó dáa, Daddy. Bí wọ́n bá ti buwọ́ lù ú, mo máa wá."

2.
Ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kórìíra jù ni ariwo. Kì í ṣe ariwo ẹnu o. Ariwo rédíò ni, èyí tí fóònù, jẹnẹrétọ̀, wẹ́dà àti plọ́ọ̀gì ọ̀kadà ń tú jáde, tí etí wa kò gbọ́. Adétóyè mú pápá kan lẹ́yìn Ojokú, ìlú ìyá rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ariwo lọ síbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́.

Nàfísàt, ẹ̀ńjìníà ọmọ Ọ̀fà tí àjọ náà ní kó máa bá a ṣiṣẹ́, wo àkọsílẹ̀ àwọn ọjọ́ tó lọ.

"Sà, nínú ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án yìí, kò sí ọjọ́ ọjà kankan níbẹ̀."

"Kí ni mo fẹ́ rà lọ́jà? Ata?"

"Ariwo ni, sà. Ọjọ́ ọjà ni ẹ̀rọ ìlọta, wẹ́dà àti ọ̀kadà gbogbo abúlé ń pé síbẹ̀."

Òótọ́ tí kò lè sọ fún ọmọbìnrin náà ni pé ìkíni ló ń sá fún. Bó bá fẹsẹ̀ kan Ojokú lọ́jọ́ ọjà, àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ yóò dá a dúró. Ará ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Ìgbà wo lẹ wá wò wá gbẹ̀yìn? Ó ti pẹ́ tó ti ń ka ọjọ́ ọjà bí ẹni ń ka oògùn, kó má baà ṣèèṣì pàdé wọn.

"Ó kéré tán, sà," ni Nàfísàt wí, "ẹ jẹ́ ká fi owó àìròtẹ́lẹ̀ sínú ìṣirò. Bó bá di dandan ká sún síwájú, ọ̀nà tuntun, wáyà tuntun, iná tuntun, wọn kì í ṣe owó kékeré."

"Ọmọ yìí, ẹni tó mọṣẹ́ kì í pa owó mọ́ fún ohun tí kò mọ̀."

Ó fa igi lé ìlà owó náà. Ó tún yọ orúkọ Nàfísàt kúrò lójú ìwé àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin náà kó àwọn ìwé rẹ̀ sápò.

"Ó dàbọ̀, sà. Ọlọ́run á jẹ́ kó yọrí sí rere."

Kò sí èébú nínú ohùn rẹ̀. Ìyẹn ló tilẹ̀ ń dunni jù.

3.
Àjọ rán ènìyàn mẹ́ta wá yẹ pápá wò. Àwọn wọ̀nyẹn kò mọ kàlẹ́ńdà Ojokú; àárín ọjọ́ ọjà gan-an ni wọ́n bọ́ sí. Wọn kò tí ì lo ìṣẹ́jú márùn-ún tí àmì ariwo fi gòkè lójú ẹ̀rọ wọn bí ẹni gun ọ̀pẹ, tí kò sì sọ̀ mọ́.

Olórí wọn, Dókítà Susannah, yíjú sí Adétóyè tó mú wọn wá. "Ẹ̀ńjìníà, ṣé ẹ ti wá síbí lọ́jọ́ ọjà rí?"

Adétóyè nawọ́ sí òdìkejì pápá. "A lè sún un síwájú ní ogójì kìlómítà."

"Èló ló wà fún ìyẹn nínú ìṣirò yín?"

"Kò sí."

"Ta ló bá yín yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Èmi nìkan ni."

Obìnrin náà pa fáìlì dé. Àdéhùn sọ ọ́ kedere: ìṣirò tí a bá ti fi sílẹ̀, kò sí àfikún. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ nìyẹn, lójú ọ̀sán gangan.

4.
"Ṣé wọ́n ti buwọ́ lù ú?" ni Roseline béèrè.

"Wọn ò buwọ́ lù ú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Daddy. Ẹ jẹ́ n gbọ́ ti ọmọ tó ń sunkún yìí." Fóònù gé.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà Ojokú tún pé, Adétóyè wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Kò gbé ẹ̀rọ kankan dání. Ó rìn já ọjà lẹ́ẹ̀mejì, ó ń retí kí ẹnìkan dá a dúró. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Ó wá béèrè ìyá rẹ̀ kékeré, Àdìkẹ́, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta irúgbìn iṣu.

"Ìyá Àdìkẹ́? Wọ́n ti ṣaláìsí. Ó ti ń lọ sí ọdún méjì." Ọkùnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Àlejò ni yín níbí, àbí?"

Ẹ̀ńjìníà tó mọ ohun gbogbo yíjú padà, ó ń wá kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé e padà sí Ọ̀fà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ ṣọ́ra! Iṣẹ́ tó bá tóbi, ẹ gbé e fún ẹni tí yóò tako yín wò, kí ẹlòmíràn tó fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ibi tí ẹ ń yẹra fún nítorí ìtìjú, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá sì ti lé olùbádámọ̀ràn rẹ̀ jáde, kó má retí ẹni tí yóò bá a dárò. Àwọn àgbà kò parọ́: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.