Arínpé Gbin Pẹ̀rẹ̀gún Sínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín máa ń yá ju ojú lọ, ẹ súnmọ́ ibí. Ní Ìrágbìjí, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà. Gbénró ẹ̀gbọ́n kì í ka nǹkan tán kó tó tẹ̀ ẹ́. Arínpé àbúrò rẹ̀ sì ń bẹ̀rù kọ̀ǹpútà bí ẹni pé ó ń bu èèyàn jẹ.

Bàbá wọn tó ti kú ló fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀. Inú rẹ̀ nìkan ni ohùn bàbá náà wà, níbi tó ti ń ki àwọn ọmọ rẹ̀. Windows, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, ti ń falẹ̀, ni Arínpé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Linux, ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, bá fẹ́ fi Linux sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ máa gbé inú ẹ̀rọ kan.

Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi béèrè bóyá kó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí Linux lè ráyè.

"Tẹ̀ ẹ́ jàre, ojo!" ni Gbénró wí. "Ṣé á gbá ọ létí ni?" Ó yọ́ lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó pariwo, "Gbàù!"

Arínpé fò sókè, àmọ́ kò tẹ nǹkan kan. "Bọ̀dá mi, ẹ dákẹ́ ná. Nígbà tí Bàbá fún àlejò nílẹ̀ lóko, ṣebí wọ́n kọ́kọ́ kó iṣu tiwọn kúrò, wọ́n wá gbin pẹ̀rẹ̀gún sí ààlà, kí àlejò tó gbé ọkọ́?"

Ó dá kọ̀ǹpútà lóhùn pé rárá, ó sì kọ́kọ́ da ohùn bàbá wọn kọ sínú fláàṣì. Ó gé àyè díẹ̀ kúrò lára ti Windows, ó pààlà, ó sì fi Linux sí apá tirẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kú kó lè tún ara rẹ̀ tàn. Ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ta ló ké? Gbénró aláwàdà ni! "Yéè! Ohùn Bàbá ti lọ!"

Àfi bí orúkọ méjì ṣe yọ nínú òkùnkùn náà, Linux lókè, Windows nísàlẹ̀, bí ilẹ̀kùn méjì lára ògiri kan. Arínpé ṣí ti Linux. Ó wo òdìkejì ààlà, ó rí gbogbo ẹrù Windows bó ṣe wà. Ó tẹ ohùn náà, ó sì dún ketekete nínú Linux, ilé tuntun tí bàbá wọn ò wọ̀ rí: "Gbénró, Àkànní ọmọ mi, máa rọra o."

Gbénró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Arínpé, ọwọ́ mi yìí ni ǹ bá fi pa ohùn Bàbá rẹ́."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀rù tó mú wa wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì ká tó fọwọ́ kàn án kì í ṣe ìwà ojo. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.