Orin Tí Kẹ́hìndé Kò Mọ̀

Kò sí orin tí Kẹ́hìndé, atẹdùùrù ìjọ wa, kò ní sọ ibi tó ti wá, ìbáà ṣe ti ìsìn, ti orí ìtàgé tàbí ti fíìmù. Kò sẹ́ni tó gbọ́ "n ò mọ̀" lẹ́nu rẹ̀ rí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń pa dùùrù dé nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ṣófo, ni ẹnì kan bá ń kun orin kan níjókòó ẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, orin wo nìyí?"

Kẹ́hìndé kò mọ̀ ọ́n. Ló bá purọ́: "Orin fíìmù àwọn ará Íńdíà ni."

Ẹni náà mí kanlẹ̀. "Orin tí ìyá wa ń kọ nígbà tó bá pọ̀n wá jó ni."

Ohùn Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó já wọn lẹ́nu ọmú ni Táyé ti kú. Kì í ṣe ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó lè wẹ̀yìn. Ojú ló ń tì í.