Ilẹ̀ Mì Nílùú Tí Ọmọ Wà

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ káàkiri ayé ni ìyá wà.

Lójijì, ìlà ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń fò sókè sódò.

Ilẹ̀ ti mì, ó sì le. Ìlú tí ọmọ rẹ̀ ti ń kàwé ní yunifásítì lókè òkun ni!

Ìyá sáré pe ọmọ lórí fóònù.

"Ọkọ mi, ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Màámi. Kíláàsì ni mo wà."

"Ilẹ̀ ò mì lọ́dọ̀ yín?"

"Ilẹ̀ kẹ̀? Gbogbo ibí pa rọ́rọ́."

Ìyá kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́.

Akẹgbẹ́ rẹ̀ figbe ta: "Yunifásítì ìlú yẹn ti wó pátápátá!"

Ìyá gbé fóònù padà sétí.

"Ọmọ mi, ibo lo wà?"



Fèrè ọkọ̀ panápaná tó ń kọjá lábẹ́ fèrèsé ìyá náà ló ń dún lọ́dọ̀ ọmọ nínú fóònù.